Odídẹ Àwẹ̀ró

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Àkẹ́jù, àkẹ́bàjẹ́." Òwe yìí mọ́ wa lẹ́nu dáadáa, tọkọtaya a máa fi í bá ara wọn wí lórí ọmọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́, kò sì dùn-ún gbọ́.

Obìnrin kan wà ní ìletò Ìdí-Àràbà, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, aṣọ kíjìpá ló ń hun. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Dúródọlá, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ibà fi gbé e lọ. Ohun tó ṣẹ́kù fún ìyá náà nínú ilé ni odídẹ kan tí ọmọ yìí ti ń sìn láti ìgbà tí ẹyẹ náà kò tíì hu ìyẹ́ tán. Odídẹ náà ti gba ohùn ọmọ náà. Láàárọ̀, bí Àwẹ̀ró bá ṣílẹ̀kùn, ohùn Dúródọlá gan-an ni yóò gbọ́ tí yóò kí i pé, "Ìyá mi, ṣé ẹ jí ire?" Àwọn aládùúgbò tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìnkú sá jáde. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ jókòó, ó sì dáhùn.

Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹyẹ náà ṣa ohunkóhun jẹ fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń fi oyin pò fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, tí ó sì ń fi ìka bọ́ ọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú igbá, kì í dà á nù. Yóò tún da oyin lé e lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó ṣe, odídẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àpò oúnjẹ tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn kíkan bí omi ògì tó ti pẹ́ jù. Àwẹ̀ró la ẹnu rẹ̀ wò, ó rí nǹkan funfun tó bo ahọ́n rẹ̀ bí ìgbà tí oúnjẹ bá bu.

Ó gbé e lọ bá Bàbá Ọdẹ́jìnmí, tó ti ń mú odídẹ nínú igbó láti ìgbà èwe rẹ̀, tó sì mọ àrùn wọn. Bàbá gbóòórùn ẹnu ẹyẹ náà, ó béèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tó gbọ́, ó tún la ẹnu ẹyẹ náà wò. Ó wá ṣàlàyé pé oyin àti ẹ̀kọ tó ti kan ni nǹkan funfun náà ń jẹ tó fi ń gbilẹ̀. Kí Àwẹ̀ró dáwọ́ méjèèjì dúró. Kí ó máa fún un ní àgbàdo gbígbẹ àti ẹyìn, kí ó máa fi omi gbígbóná fọ igbá rẹ̀, kí ó sì máa fi omi ewúro nu ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Yóò bẹ̀ ọ́, Àwẹ̀ró," ni bàbá wí. "Má dá a lóhùn."

"Bàbá, ẹ ò mọ ohùn tí yóò fi bẹ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìletò ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá dá a lóhùn, ohùn náà yóò lọ."

Àwẹ̀ró gbìyànjú. Fún ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe bí bàbá ti wí. Nǹkan funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ọrùn rẹ̀ tó wú rọlẹ̀, ẹyẹ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣa àgbàdo mẹ́ta jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, bó ti jókòó ti òfì rẹ̀, odídẹ bẹ̀rẹ̀ pé, "Ìyá mi, ẹ fún mi díẹ̀ sí i." Bí Dúródọlá ti máa ń tọrọ oúnjẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwẹ̀ró di etí. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ohùn náà bá a débẹ̀. Ó padà sídìí òfì, ó ń ka òwú, kò mọ iye tó kà mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé ìkòkò oyin sọ̀ kalẹ̀. Ó ní díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lọ́jọ́ kejì, kò dúró kí ó tọrọ.

Nígbà tí bàbá yọjú ní ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan funfun ti dí ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ náà. Kò lè fọhùn. Bàbá fi ìyẹ́ adìẹ kán omi ewúro sí i lẹ́nu, kò wọlé. Orí itan Àwẹ̀ró ló kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bàbá kò bá a wí. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, láìgbójú sókè: "Mo kẹ́ ẹ jù, Bàbá. Mo kẹ́ ẹ bàjẹ́."

Ó sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró kí ó sunkún, kò sun ún. Kò hun aṣọ mọ́ lọ́dún náà.

Bàbá Ọdẹ́jìnmí ló ń tún ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró sọ fún àwọn abiyamọ, títí ó fi kúrú, tó di òwe. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tí kò lè fi ohun tí yóò pa ọmọ du ọmọ, nítorí pé ọmọ ń bẹ̀ ẹ́. Àkẹ́jù, àkẹ́bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ìdí-Àràbà, wọn kì í fi òwe yìí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á a rẹ ohùn sílẹ̀, torí kì í ṣe ìkórìíra ni Àwẹ̀ró fi pa ohun tó kù fún un láyé.