Bí Àgbétì Ṣe Di Olorì Ìlú

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Àdìó, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní. Ààlọ̀ mi gbéra pàá, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó kọjá lórí Ìjàpá, kò tilẹ̀ kí i, torí ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú mi díẹ̀. Ó dá lórí Àwòko, ẹyẹ olóhùn iyọ̀, àti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àgbétì.

Ní ayé àtijọ́, Àgbétì ní ìsun omi kan lábẹ́ òkè. Ẹ̀ẹ̀rùn ò lè mú un gbẹ. Bí gbogbo odò bá gbẹ, ti Àgbétì á ṣì máa ṣàn. Ọba wọn sì fẹ́ràn ẹ̀yẹ ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí òun. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé wọ́n ń pe ìlú kan ní Ọ̀gá Ìlú, wọ́n ń pe òmíràn ní Adé Ayé. Inú bí i. Ṣé Àgbétì lásán ni wọn ó máa pe tirẹ̀ títí ni? Ó ránṣẹ́ pe Àwòko, ó ní láti òní lọ, Olorì Ìlú ni oyè Àgbétì, kó lọ fi kọrin kiri ayé.

Àwòko yí ọrùn síbí, ó yí ọrùn sọ́hùn-ún. Ó bi Kábíyèsí bóyá wọ́n rò ó dáadáa, torí ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọba ní ẹyẹ kì í kọ́ ọba ní oyè jíjẹ, kó máa fò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Àwòko. Kò lè kọrin oyè kó má kọ iṣẹ́ oyè mọ́ ọn. Ó ya, ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ẹni òǹgbẹ ń gbẹ, ẹ máa bọ̀
Ègbè: Lọ́dọ̀ Olorì Ìlú
Lílé: Ẹni oòrùn ń pa, ẹ máa bọ̀
Ègbè: Lọ́dọ̀ Olorì Ìlú
Lílé: Àlejò kan kì í pọ̀ jù
Ègbè: Lọ́dọ̀ Olorì Ìlú

Ègbè nìkan ni ọba gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń mi orí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà wá le koko. Àwòko fò, fò, fò, ó dé ihò Òkété. Omi ti tán níbẹ̀. Ó kọrin. Òkété kó ìyàwó, ó kó ọmọ, ó di Àgbétì. Àwòko fò, fò, fò, ó dé ọ̀dàn Ẹfọ̀n. Omi ti tán níbẹ̀. Ó kọrin. Ẹfọ̀n gbéra, gbì, gbì, gbì, ó di Àgbétì.

Àwòko fò, fò, fò, ó dé abúlé Òkè-Ọ̀pẹ. Níbẹ̀ ló ti rí obìnrin kan, Ìbídùn, tó ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi tó kù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti sunkún títí, ohùn rẹ̀ ti há. Ìbídùn gbọ́ orin, ó ní bí ìlú kan bá ń jẹ́ olorì, ìyá ni. Ó da omi tó kù sẹ́nu ọmọ, ó gbé e pọ̀n, ó di Àgbétì. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e. Bí Àgbétì bá lé wọn, ọmọ yẹn ò ní dé ilé padà láàyè.

Òkété dé bodè. Ọba wò ó, ó ní kí wọ́n fún un lómi, ó kéré. Ẹfọ̀n dé bodè. Ọba wo ikùn Ẹfọ̀n, ó wo ìsun omi, ó ní hùn-ùn. Ó jẹ́ kó mu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti le. Ìgbà tó wá rí eruku Òkè-Ọ̀pẹ lókèèrè, ó ní kí wọ́n ti bodè. Gbàgà!

Ìbídùn kan ilẹ̀kùn, kò, kò, kò. Oníbodè ní Kábíyèsí ní ìlú ò gba àlejò mọ́. Ìbídùn ò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ohùn gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ orin tí Àwòko kọ́ wọn, àwọn ará abúlé sì ń gbè é:

Lílé: Àlejò kan kì í pọ̀ jù
Ègbè: Lọ́dọ̀ Olorì Ìlú

Orin náà wọ ààfin. Olorì Mobọ́ládé, aya ọba, gbọ́ ọ. Ó so ìró rẹ̀ le, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

“Kábíyèsí, lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yìí, wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní mo ti di ìyá ọmọ gbogbo. Láti ìgbà náà, mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Bí Àgbétì bá fẹ́ jẹ́ olorì, kó ṣe bí olorì. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ ní kí Àwòko gba oyè náà padà, kí a máa jẹ́ Àgbétì wa lọ.”

Ọba wo àwọn ìjòyè. Ó ní kí wọ́n ṣí bodè. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ mú un. Oyè ni kò fẹ́ kó bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí bodè, tó rí ètè ọmọ náà bó ṣe gbẹ, ọ̀rọ̀ oyè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi igbá bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ mu, ó mu, ó tu ìyókù sí ọba láyà, ó sì rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí náà rẹ́rìn-ín, agbádá rẹ̀ ń ro tó, tó, tó. Gbogbo Òkè-Ọ̀pẹ mu àmutẹ́rùn, ìsun ò sì gbẹ.

Ìbídùn nu omijé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Olorì Ìlú, ẹ kú ìtọ́jú wa.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọba máa gbọ́ oyè náà lẹ́nu ẹni tí kò rán níṣẹ́, tí kì í sì ṣe nínú orin. Ó tún bu omi kún igbá, ó gbé e fún Ìbídùn.

Ibi tí ààlọ̀ mi sùn sí nìyí. Ó kọ́ wa pé kì í ṣe ọba ló ń fi oyè dé ìlú rẹ̀ lórí. Àlejò tó mu omi ibẹ̀ ló ń fi í pè é. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí Àwòko wá gba ohùn mi lọ.