Bí Ológbò Wolé-wolé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Bo Ìgbẹ́ Rẹ̀

Ológbò ṣe ohun tí kò dára. Ó yàgbẹ́ síbi tí gbogbo ẹranko ti ń sinmi, ó sì di ẹ̀bi náà ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń pàdé lábẹ́ igi ọdán kan létí odò, Ológbò ni wolé-wolé ibẹ̀. Láràárọ̀ ló ń pariwo pé, "Ọ̀bùn ni gbogbo yín. Ẹni tí mo bá mú, ahọ́n ni yóò fi lá a." Síbẹ̀, ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i.

Ewúrẹ́ ní, "Ẹ má bínú, wolé-wolé. Òdìkejì odò ni ààtàn wà. Kí n tó débẹ̀, tèmi ti ń já bọ́ lọ́nà."

Okété gbọ́. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹranko ń gbà, ó sì gbẹ́ ihò tí wọn yóò máa yàgbẹ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó kó erùpẹ̀ jọ sétí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó lè rọrùn láti fi ẹsẹ̀ tì í bo ìgbẹ́.

Ológbò rẹ́rìn-ín. "Èmi fi ariwo ṣe é tì, ìwọ fẹ́ fi ihò ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó," ni Okété wí.

Kí ọjọ́ méje tó pé, abẹ́ ọdán ti mọ́ bí àwo. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù wolé-wolé mọ́. Ìyẹn dun Ológbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó yàgbẹ́ síbi tí Erin máa ń jókòó sí, ó sì figbe ta: "Ẹ wá wo iṣẹ́ Okété."

Erin, àgbà wọn, bínú. Ó ní kí Okété kẹ́rù rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọdán.

"Bàbá Erin, ẹ kọ́kọ́ wo erùpẹ̀ tí mo kó jọ lálẹ́ àná sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìjókòó yín," ni Okété wí. "Ẹni tó ṣe é gba orí rẹ̀ kọjá. Ipa ẹsẹ̀ rèé, kò sí àmì èékánná níbẹ̀. Èékánná tèmi kì í wọlé. Ta ló ń ká tirẹ̀ mọ́ra rìn nínú wa?"

Gbogbo wọn yíjú sí Ológbò.

Ewúrẹ́ ní, "Wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín ká rí i."

Ológbò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ipa náà mu. Erin kò lé e. Ó kàn na ọwọ́jà, imú rẹ̀ gígùn, sí erùpẹ̀, ó ní, "Lọ bò ó." Ológbò wa ilẹ̀, ó bò ó, ó gbóòórùn ibẹ̀, ó tún bò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ológbò ti ń fi erùpẹ̀ bo ìgbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì gbóòórùn ibẹ̀ wò kó tó kúrò. Ọ̀rọ̀ tí Ológbò sì sọ lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà nìyí:

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ará abẹ́ ọdán. Okété, forí jì mí. Ẹ̀rù bà mí pé ibi tó bá mọ́ kò ní nílò wolé-wolé, ni mo bá fi ara mi bà á jẹ́."