Òkété àti Kọ́kọ́rọ́ Onígun Márùn-ún

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gun kẹ̀kẹ́, ó gba ọ̀nà oko, ó yà sí ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, ó wá já sí ọ̀dọ̀ Òkété. Ẹni tí oorun bá ń kùn kí ó tètè sùn, nítorí n kò ní í tún un sọ lọ́la.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Ọdán. Ẹ má bi mí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń dé ilẹ̀. Èmi kọ́ ni mo wọn kẹ̀kẹ́ fún wọn.

Orí òkè ni oko wọn wà. Kẹ̀kẹ́ kò lè gun òkè náà, nítorí náà gbogbo wọn a fi kẹ̀kẹ́ ti igi ọdán ńlá kan ní ẹsẹ̀ òkè, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn gòkè. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, tí iṣu bá wúwo jù lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a yẹ̀, a há mọ́ irin. Kẹ̀kẹ́ kò ní í lọ síwájú, kò ní í padà sẹ́yìn. Kì í ṣe ohun bàbàrà nígbà náà. Olúkúlùkù ló so sípánà kan mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òfin ọ̀nà oko sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. O ó bọ́ sílẹ̀, o ó bá a di kẹ̀kẹ́ mú, yóò fi sípánà tú bóòtù, yóò tọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, yóò dè é padà. Kí ènìyàn tó bó ọsàn kan tán, wọ́n ti ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Ṣùgbọ́n olè wọ ìlú. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti gòkè tán, olè a yọ́ wá sí abẹ́ ọdán, a tú ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan, a gbé e lọ. Ní ọjọ́ kan, Ẹtu sọ̀ kalẹ̀ láti oko, ó bá irin lásán níbi tí ìjókòó rẹ̀ wà. Ilé jìnnà, òjò sì ń ṣú bọ̀. Ẹtu gun irin náà dé ilé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń ya ẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jókòó lé e.

Òkété ni ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú náà. Kì í ṣe ẹni burúkú, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méje ni òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ kí oyún tó dúró. Láti ìgbà tí oyún náà ti hàn ni ọkàn Òkété kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ó bá jí, ohun tí ọmọ yóò jẹ ni ó ń rò. Bí ó bá dùbúlẹ̀, òun náà ni. Ẹ̀rù ebi ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí ojúkòkòrò tó tẹ̀lé e wọlé. Mo sọ èyí kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀ jù.

Ẹtu wá bá a. Kò lè jókòó, orí ìdúró ni ó ti sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Òkété, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Sípánà tí mo fi ń tú kẹ̀kẹ́ mi, irú rẹ̀ náà ni olè fi ń tú u."

Òkété ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó gba ilé Akàn lọ. Akàn ni alágbẹ̀dẹ ìlú. Kì í lo ẹ̀mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń gbá irin gbígbóná mú.

Òkété ní, "Akàn, ọ̀rẹ́ mi, igun mélòó ni orí bóòtù kẹ̀kẹ́ ní?"

Akàn ní, "Mẹ́fà. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Bá mi rọ onígun márùn-ún. Kò sí sípánà ìlú yìí tí yóò lè mú un. Kí o wá rọ kọ́kọ́rọ́ kan tí yóò máa tú u."

Inú Akàn dùn sí ọgbọ́n náà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ kan kéré fún odidi ìlú. Jẹ́ kí n rọ mẹ́wàá, kí a pín in káàkiri agboolé."

"Ẹnu méjì kì í pa àṣírí kan mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́."

"Òkété, igun irin a máa jẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà."

"Ṣáà rọ èyí tí mo ní kí o rọ."

Akàn rọ ọ́. Òkété fi bóòtù náà de ìjókòó kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ná, kí ìlú lè rí i pé òun kò tan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ó dè é sí ti gbogbo wọn. Olè dé abẹ́ ọdán, ó fi sípánà mú bóòtù àkọ́kọ́, sípánà yọ̀. Ó fi mú èkejì, ó yọ̀. Ó kùn sínú ara rẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ìlú dùn. Olúkúlùkù gbé ìdì ẹyìn kọ̀ọ̀kan wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkété. Ẹ̀yin náà mọ bí òkété ṣe fẹ́ràn ẹyìn tó.

Bí ó bá dúró níbẹ̀ ni, ì bá dára. Òkété wo òkìtì ẹyìn, ó wo ikùn Àwẹ̀ró, ó ní, bí ìjókòó nìkan bá lè mú èyí wá, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Olè tó jí ìjókòó lánàá, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni yóò jí lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dè é." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọ́n gbà. Ó de ẹsẹ̀ iwájú, ó de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó de ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí agogo orí kẹ̀kẹ́ bá ní bóòtù ni, ì bá dè é pẹ̀lú. Nígbà tí sípánà àtijọ́ kò mú nǹkan kan mọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Akàn pé kí ó fi rọ ọkọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yẹ̀ lójú ọ̀nà, àfi kí ẹni tó ni ín ránṣẹ́ pe Òkété. Òkété á dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, á da aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí ó ṣe ń tú u, á sì gba ìdì ẹyìn kan. Bí ó bá wà ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, o ó dúró dè é nínú oòrùn. Iṣu Ìyá Ọ̀yà dúró lójú ọ̀nà fún ọjọ́ méjì, òjò pa á, ó rà. Díẹ̀díẹ̀ ni òfin ọ̀nà oko náà kú. Ẹni tó ń kọjá kò bọ́ sílẹ̀ mọ́. Kí ni yóò bọ́ sílẹ̀ ṣe? Yóò kàn ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," yóò sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ihò wa ti kún fún ẹyìn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń rà. Àwọn obìnrin tí a jọ ń pọnmi lódò kì í dá mi lóhùn dáadáa mọ́."

Òkété ní, "Ọmọ ń bọ̀, Àwẹ̀ró."

"Ọmọ kan ni, kì í ṣe ogun."

Òkété fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kí ó le. Kọ́kọ́rọ́ yọ̀. Ó gbé e sójú wò ó. Igun márààrún ti jẹ. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ náà ti ń di róbótó. Bí ó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Akàn, Akàn á mọ̀, bí Akàn bá sì mọ̀, ìlú á mọ̀. Ó fi èkísà wé orí bóòtù, ó yí i bó ṣe lè yí i mọ, ó so kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ ọrùn, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni má yẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Àwẹ̀ró di ìbàdí mú. "Baálé mi, ó ti tó."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ agbẹ̀bí ń gbé létí odò, lẹ́yìn òkè; ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yí ẹsẹ̀ òkè ká dé ibẹ̀. Òkété tẹ́ aṣọ sórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lé e, ó ń wà á lọ kíkankíkan. Bí wọ́n ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé abẹ́ ọdán, bóòtù tí kò le dẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹ̀, ó há mọ́ irin. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

Òkété ran Àwẹ̀ró lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn igi ọdán, níbi tí òjìji wà. Ó sáré padà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí bóòtù, ó yọ̀. Ó fi èkísà wé e, ó yọ̀. Ó fi eyín dì í mú. Àwẹ̀ró fi etí aṣọ sẹ́nu, ó ń mí gúlegúle. Ìrora kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde.

Ẹtu ló kọ́kọ́ dé lórí kẹ̀kẹ́. Kò rí Àwẹ̀ró lẹ́yìn igi. Òkété àti kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kò sí láburú?"

Bí Òkété bá sọ pé kọ́kọ́rọ́ ti kú, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè tú kẹ̀kẹ́ kankan mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A kàn ń sinmi ni."

Ẹtu ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì kọjá. Kì í ṣe ìkà. Ìrànlọ́wọ́ wo ni ènìyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́?

Ìyá Ọ̀yà dé. Òun kò tilẹ̀ dín eré kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kù. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó kọjá.

Àwẹ̀ró wá tu aṣọ lẹ́nu. "Baálé mi, ta ni ẹ ń tijú fún? Ọdún méje la fi wá ọmọ yìí. Ṣé nítorí irin ni yóò ṣe kú sí mi nínú?"

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé òkété gbàgbé ìbòsí, ó dé orí àtẹ tán, ó káwọ́ lérí. Òkété inú àlọ́ tèmi kò dúró dé orí àtẹ. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú eruku, ó káwọ́ lérí lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó fi igbe ta. Ẹ bá mi gbè é.

Ẹ̀yin ará oko, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o,
*Kẹ̀kẹ́ dúró.*
Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, ó ti jẹ tán o,
*Kẹ̀kẹ́ dúró.*
Èmi ni mo dè é, n kò lè tú u mọ́,
*Kẹ̀kẹ́ dúró.*
Àwẹ̀ró ń rọbí, ẹ má kọjá wa,
*Kẹ̀kẹ́ dúró, kẹ̀kẹ́ dúró.*

Ẹtu gbọ́, ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Ìyá Ọ̀yà náà yí padà. Àwọn àgbẹ̀ ń sáré bọ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ẹtu mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo Òkété.

Òkété ní, "Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tèmi nìkan. Ti gbogbo yín ni. N kò lè tú ọ̀kankan mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Gbogbo wọn mọ ohun tí ó ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ọ̀yà, tí iṣu rẹ̀ ti rà lójú ọ̀nà, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ìyẹn di ọ̀la. Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ."

Àwẹ̀ró kò lè jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kankan mọ́. Ìyá Ọ̀yà tú ìró òde rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ọparun méjì, wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sí i, wọ́n gbé e lé èjìká. Ẹtu ti fi kẹ̀kẹ́ ṣáájú lọ pe agbẹ̀bí. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ẹtu, tó ń pariwo pé wọn yóò pa òun, tó sì tún ń ní kí Ẹtu yára. Àárín ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ kò sì dúró dé ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin kọ ẹ̀yìn, àwọn obìnrin fi aṣọ yí i ká, Òkété sì wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún kí ó tó gbọ́ ẹkún ọmọ, ó sì tún ń sunkún lẹ́yìn tí ó gbọ́ ọ. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tí kò kọjá lọ.

Ọ̀la sì dé lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ọ̀yà ti wí. Gbogbo ìlú wọ́ kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ilé Akàn. Akàn ń fi òòlù àti irin gé bóòtù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkété ló ń fi ẹwìrì fínná, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹyìn inú ihò rẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló jẹ ẹ́, èyí tó kù sì lọ dípò iṣu Ìyá Ọ̀yà. Wọ́n dá bóòtù onígun mẹ́fà padà sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, Akàn sì tún rọ sípánà fún olúkúlùkù. Ìjókòó nìkan ni wọ́n fi onígun márùn-ún sílẹ̀ fún, Akàn sì rọ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Olè kò rí ìjókòó jí. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró kò sì dá dúró mọ́.

Òkété kò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan. Ó ní ohun tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá dí, ẹni tó gbẹ́ ẹ ni yóò kọ́kọ́ há sínú rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí o bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, má ti í mọ́ aládùúgbò rẹ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó wá ihò òkété kan lọ lọ́la, kí ó dí ẹnu rẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀ máa ṣọ́ ọ.