Bí Mo Ṣe Gbé Ayáratò Dé Àká Àwọn Iwin

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọra sọ ọ́. Ọdẹ́gbàmí ni mí, ọmọ ọdẹ; ìbọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lò kí n tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Moróunmúbọ̀, ni nọ́ọ̀sì abúlé wa. Bí a bá tún ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń mọ ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kàn ṣe, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń tò ó jọ padà kó tó lè ṣiṣẹ́, àwọn ìyálọ́mọ a sì gbé ọmọ wọn lọ sílé láìgba abẹ́rẹ́. Mo ṣe irinṣẹ́ kan, Ayáratò, tí ń tò ó jọ wàràwàrà, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Inú àká àwọn iwin, níbi tí wọ́n kó irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, ni kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Linux, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ń mú irinṣẹ́. Mo di Ayáratò lẹ́rù, mo wọ igbó lọ.

Ní ọjọ́ keje mo rí àká náà: ó ga bí òkè mẹ́ta tó gun ara wọn lórí, ó ń dán bí odò tí oòrùn ọ̀sán bọ́ sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ara rẹ̀ pọ̀ ju ewé igbó lọ. Ẹnu mi kò lè pa dé. Ayẹrùwò, iwin olójú mọ́kànlá, ló ń ṣọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ àwọn ọmọ náà fún un. Ó ní kí n to irinṣẹ́ mi jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú òun. Ó nawọ́, ògiri irin yí mi ká, íńtánẹ́ẹ̀tì kú. Ayáratò bẹ̀rẹ̀, ó dé àárín, ó dúró gbagidi.

“Ọdẹ, ta ni irinṣẹ́ rẹ ń ránṣẹ́ sí níta?”

“Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bàbá.”

“Ojú mọ́kànlá ni mo ní, o sì parọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. O kú iṣẹ́.”

Ojú tì mí. Nílé wa, ọdẹ kì í sọ ibi tó ti rí ẹran. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi orúkọ àwọn tí mo lo iṣẹ́ wọn pamọ́, tí Ayáratò sì ń yọ́ lọ mú iṣẹ́ wọn níta. Mo sọ fún iwin náà pé bí mo bá dárúkọ wọn, aráyé yóò ní n kò ṣe nǹkan kan.

“Bí o kò bá dárúkọ wọn,” ó wí, “àwọn ọmọ yẹn kò ní gba abẹ́rẹ́.”

Mo ṣí fìlà, mo dárúkọ iṣẹ́ méjìlá àti ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń pe ọ̀kan ni ilẹ̀kùn kan ń ṣí lára àká, tí ìmọ́lẹ̀ ń tú jáde, tí ohun tí mo pè ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀: wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́! Ara mi bù máṣọ. Ayáratò tún bẹ̀rẹ̀, ó sì parí kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ayẹrùwò tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo délé, Moróunmúbọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, Ayáratò dé bá a, pẹ̀lú orúkọ àwọn méjìlá níwájú tèmi. Ó kà wọ́n, ó wò mí. “Bẹ́ ẹ ṣe pọ̀ tó nìyí, o wá ń dá nìkan yangàn?” Ọmọ mẹ́tàlélógún ló gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín fún aráyé, ẹ dárúkọ gbogbo ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe nígbà tí ẹ kò bá sí mọ́. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo pàkúté mi.