Fadérera Lọ Wo Ọmọ Inú Rẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Fadérera aránṣọ nígbà tó lóyún àkọ́bí. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú rẹ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ fárígá.

"Ìyàwó, a kì í yọjú wo ohun tí Ọlọ́run bò. Bí wọ́n bá rí aburú ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Bí aburú bá wà níbẹ̀, àìwò mi kò ní lé e lọ."

Ó lọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ibi ọmọ ti dí ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde. Bó bá rọbí nílé, ẹ̀jẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni yóò fi bímọ. Nígbà tí oṣù rẹ̀ ń pé lọ, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítòsí ọsibítù.

Ibẹ̀ ló wà tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kíá, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti sáré dé kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó ti jí, Màmá. Ó ní ká gbé ọmọ òun wá."