Ọjọ́ Tí Ògúngbèmí Já Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀

Ògúngbèmí, Ọ̀tún Balógun Ìlágbòdó, ń ṣẹ́gun, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọdún karùn-ún rèé tí Ìlágbòdó àti Òkè-Ẹ̀rìn, ìlú méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá, ti ń pa ara wọn. Òkè-Ẹ̀rìn ni wọ́n sì bí ìyá tó bí i sí. Àwọn tó kó lẹ́rú a máa kí i ní oríkì ìyá rẹ̀ láti inú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ọmọ rẹ̀ méjì ti bógun lọ.

Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Balógun Ṣàngódèyí, tọ Ìyá Èfúndáre lọ, arúgbó tí ń da ẹẹ́rìndínlógún lẹ́yìn odi. Owó ẹyọ mẹ́sàn-án ṣíjú, méje dojú dé. Odù Ọ̀sá ni.

"Ẹbọ kan náà ni fún ẹ̀yin méjèèjì," ni ìyá wí. "Ẹ tú àwọn ará Òkè-Ẹ̀rìn tí ẹ kó lẹ́rú sílẹ̀. Ẹ bu iyọ̀ fún wọn, kí ẹ sì sìn wọ́n dé ẹnubodè wọn."

Balógun bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹran ni wọ́n fi ń rúbọ. Ẹrú ni agbára mi."

Lọ́jọ́ kẹta, nínú oòrùn gangan, Ògúngbèmí mú òòlù, ó ń já irin lẹ́sẹ̀ àwọn ẹrú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Balógun gun ẹṣin dé.

"Ta ló pàṣẹ?"

"Èmi ni."

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Bó bá jẹ́ ikú ni, kó wá bá mi nídìí iṣẹ́. N kò ní dúró, Balógun. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n pa mí."

Balógun wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn náà ń wolẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìyá ní Òkè-Ẹ̀rìn. Kò sẹ́ni tó fa idà yọ. Ògúngbèmí tún gbé òòlù sókè. Nígbà tó já gbogbo wọn tán, ó bu iyọ̀ fún wọn, ó sì sìn wọ́n dé ẹnubodè Òkè-Ẹ̀rìn.

Nígbà tí òjò dé, àwọn ẹrú Balógun ṣí ẹnubodè fún ogun Òkè-Ẹ̀rìn. Wọ́n dáná sun ilé Balógun kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé Ògúngbèmí, obìnrin kan lára àwọn tó ti tú sílẹ̀, tó bá ogun náà wá, na ọwọ́ méjèèjì di ọ̀nà. "Ẹ kò ní wọ ilé yìí!" Wọ́n dúró. Ògúngbèmí jáde láìmú ohun ìjà kankan, ó bá wọn jókòó, ibẹ̀ ni ogun ti parí.

Ìlú méjèèjì pawọ́ pọ̀ fi í joyè Balógun. Ó dàgbà, ó darúgbó láàárín ọmọ àti ọmọ ọmọ. Abà nínú igbó ni Ṣàngódèyí sá lọ, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí ó fi kú, tó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá yà kí i pé, "Wọ́n sọ fún mi. Ẹ̀rín ni mo rín."