Òrí Tó Yọ́ Lójú Ọ̀nà

Igbá òrí kan ni Ṣẹ́gilọlá gbé láti Ṣakí fún orúnkún tó ń dun ìyá rẹ̀ àgbà. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ Látẹ́jú fi dé Ọ̀yọ́, oòrùn ti yọ́ ọ di epo.

Látẹ́jú, ọmọ Oǹdó tí kò mọ òrí rí, fẹ́ dà á nù. "Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ!"

Ìyá àgbà ní, "Àna mi, ẹ rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òrí ti dì, ó funfun báláú. Látẹ́jú fúnra rẹ̀ bù ú, ó ń fi pa orúnkún ìyá àgbà.

"Yéè! Ó tún ti yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn ló yọ́ ọ lánàá. Lónìí, ọwọ́ àna rere ni."